Orúkọ Tí Badri Kọ Síta

Ìwọ tí o mú èyí dání tí o ń kà á, gbọ́ mi ná. Bí o bá ní ìyá, tàbí o ti ní i rí, má ṣe kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí ẹni tí o kò mọ̀ ti lè kà á. Má sọ pé wọ́n fẹ́ fi ṣe àdúrà ni. Má sọ pé o ti fi orúkọ mìíràn bo ojú ara rẹ. Mo kìlọ̀ fún ọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, mi ò sì mọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ nípa ayélujára, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Badri. Orúkọ ìyá rẹ̀ kò ní sí nínú ìtàn yìí. Orúkọ abúlé wọn náà kò ní sí níbẹ̀. Má wá a.

Ayàwòrán ilé ni Badri. Abúlé kan ní agbègbè Sohag, ní gúúsù Íjíbítì, ni wọ́n bí i sí, Káírò ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Dokki, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé alájà púpọ̀ fún àwọn olówó. Yàrá orí òrùlé kan ló háyà ní àdúgbò Faisal, láàrin àwọn àwo tí wọ́n fi ń gba tẹlifíṣọ̀n àti ilé ẹyẹlé tí onílé kàn síbẹ̀. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń kí àwọn ẹyẹlé náà. Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò rẹ́ni kí, kí ni kó ṣe?

Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Bàbá rẹ̀ ti kú kí ó tó gbọ́n tó láti dá ojú rẹ̀ mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, òun náà sì kú lọ́dún tí Badri rí iṣẹ́, kí ó tó jẹ nínú ohun tí ọmọ mú wálé. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ìyá rẹ̀ láti kékeré, tó lè sọ bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń bínú, ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin. Kaala ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí Kaala bá dákẹ́, ìyá Badri di ilẹ̀ lásán. Badri mọ èyí. Mo fẹ́ kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n láti ìsinsìnyí.

Ìyá Hamdan ni gbogbo abúlé ń pe Kaala, nítorí Hamdan lọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pe àbúrò rẹ̀ ní Ìyá Badri títí ó fi wọ ilẹ̀. Láàrin wọn níbẹ̀, orúkọ tí bàbá sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, inú ilé ló ń gbé. Ọkọ kì í pè é lójú ọkùnrin mìíràn. Ọmọ kì í sọ ọ́ lójú ọ̀rẹ́. Ọmọ ilé ìwé tó bá gbọ́ orúkọ ìyá ẹnìkejì rẹ̀ ti rí ohun tí yóò fi máa bú u títí wọn yóò fi hu irungbọ̀n.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni Badri máa ń pe Kaala. Fóònù kékeré kan tó ní bọ́tìnnì ni obìnrin náà ń lò. Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, nítorí náà ó máa ń pariwo, Badri náà á sì pariwo, àwọn ẹyẹlé á fò dìde.

"Kaala, ẹ kú Jímọ̀ o. Badri ni."

"Badri wo? Badri tí kì í jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì ni."

"Irọ́ ni. Ohùn ẹni tó jẹ ìrẹsì kọ́ nìyí. Ohùn ẹni tó mu tíì tó sì sùn nìyí."

Badri á rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Káírò tó ń bi í ohun tó jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá rọra sún ọ̀rọ̀ náà síbi tó ń lọ. "Kaala, ẹ sọ nípa rẹ̀ díẹ̀." Obìnrin náà á mí kanlẹ̀, á ní òun kò ní nǹkan kan láti sọ, á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kan ló sọ ti ewúrẹ́. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá Badri sunkún débi tí bàbá wọn fi sunkún tẹ̀lé e. Gbogbo ènìyàn rò pé nítorí pé ó ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ni. "Irọ́ ni o," ni Kaala wí. "Ewúrẹ́ ẹ̀ ni wọ́n pa. Ewúrẹ́ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tọ́, wọ́n ti gbé e sórí iná fún àlejò. Wọ́n gbé ìyàwó dé ilé ọkọ, kò jẹun. Ọkọ ní kí ló dé. Kò fèsì. Ó kàn dún bí ewúrẹ́ ni. Mẹ̀ẹ̀."

"Kí ni bàbá mi wá ṣe?"

"Kí ni kó ṣe? Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó gbé ọmọ ewúrẹ́ kan lé èjìká, ó gba àárín abúlé kọjá, gbogbo ọkùnrin ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò wo ẹnìkan. Bàbá rẹ nìyẹn."

Badri kò tí ì gbọ́ ohunkóhun nípa bàbá rẹ̀ tó dùn mọ́ ọn báyìí rí. Ó jókòó sórí òrùlé títí oòrùn fi wọ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnìkan, ó sì wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Èyí ni ìdí tí ó fi ń kọ ọ́. Ó ti ní búlọ́ọ̀gì kan fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ Búrẹ́dì Oòrùn ni ó pe ara rẹ̀ níbẹ̀, nítorí búrẹ́dì tí àwọn obìnrin ilé wọn máa ń tẹ́ sí oòrùn kí ó wú kí wọ́n tó yan án. Kò sí àwòrán ojú rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí Kaala bá sọ lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ni Badri ń kọ sórí rẹ̀. Kò sọ fún Kaala. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò sọ, ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ ṣàlàyé búlọ́ọ̀gì fún obìnrin tó ń pariwo sínú fóònù bí ẹni pe ènìyàn lódìkejì odò?

Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Lákọ̀ọ́kọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Wọ́n wà ní Alẹkisáńdíríà, wọ́n wà ní Kùwéètì àti Ríyáàdì, àwọn ọmọ Íjíbítì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Ti ewúrẹ́ yìí ló gbé e dé etí gbogbo ayé. Ìyàwó Ewúrẹ́ ni wọ́n sọ ìyá rẹ̀. Badri mọ àwọn tó máa ń fèsì lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju bí ó ṣe mọ aládùúgbò lọ: ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí yóò dá a mọ̀ bí ó bá fi èjìká gbá a lójú pópó.

Ibà kọ lù ú nígbà òtútù. Ó dùbúlẹ̀, kò lè dìde bu omi. Ó mú fóònù, ó kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí òun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi àmì ọkàn sí i. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá náà sí afẹ́fẹ́ rere. Omi wà nínú ìkòkò lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kò sì sí nínú wọn tó lè bu ife kan fún un.

Lọ́fíìsì, Inas ló máa ń ka búlọ́ọ̀gì náà sókè nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Inas ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, Magdi ló ń ṣírò irin àti sìmẹ́ńtì. Àwọn méjèèjì máa ń pe ara wọn ní ìwọ. Badri nìkan ni wọ́n ń pe ní Ẹnjiníà, tí wọ́n ń kí ní ẹ̀yin, kì í ṣe pé ó dàgbà jù wọ́n lọ. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́," ni Inas wí lọ́jọ́ tí ìtàn ewúrẹ́ jáde, pẹ̀lú ike oúnjẹ kọ́ṣárì lọ́wọ́. "Ọmọ Búrẹ́dì Oòrùn ti kọ tuntun."

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Magdi wí. "Ọkùnrin tó ń sunkún ìyá ẹ̀ kiri ayélujára. Ṣé kò níṣẹ́ ni?"

"Ìwọ tó níṣẹ́, kí lo fi ṣe? Ata ti kún irungbọ̀n ẹ."

Ó ka ti ewúrẹ́. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ ti gbé ọmọ ewúrẹ́ lé èjìká, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Magdi kò jẹun mọ́.

"Irú èyí ni màá fẹ́," ni Inas wí.

"Bàbá yẹn lo fẹ́ fẹ́ ni àbí ọmọ?"

"Èyíkéyìí tó bá sáà ti lè ra ewúrẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inas wá yíjú sí Badri. "Ẹnjiníà, ẹ ò rẹ́rìn-ín, ẹ ò sì sunkún. Ṣé òkúta lẹ̀yin ará Sohag fi ṣe ọkàn ni?"

Badri ní ata ló há òun lọ́fun.

"Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀," ni Inas ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "kò dárúkọ obìnrin yẹn rí. Ìyá mi, ìyá mi, ó tán."

"Ṣé orí ẹ̀ dàrú ni? Ta ló ń dárúkọ ìyá ẹ̀ síta?"

"Magdi, kí lorúkọ ìyá tìẹ?"

"Ìyá Magdi."

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ni mò ń bi ọ́."

"Ìyá Magdi ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Wọ́n ti mọ̀ pé mò ń bọ̀."

Èyí ló wá pa Badri lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan dé ẹnu rẹ̀: èmi ni, èmi ni mo kọ ọ́. Ó gbé e mì. Bí ó bá sọ ọ́, ó di ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sohag. Ó ṣọ́ra. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó ṣọ́ra. Kì í ṣe ọmọ tó ya òpè.

Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan láti Tanta tó ń pe ara rẹ̀ ní Àlàájà Ìyá Salma kọ̀wé sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní: "Ọmọ mi, mò ń lọ ṣe úmúrà ní Mẹ́kà. Mo ti ṣe ti ìyá tèmi, Ọlọ́run sì fún mi lágbára. Mo fẹ́ ṣe ọ̀kan fún Ìyàwó Ewúrẹ́. Fún mi ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, kí n lè gbé e kalẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá bí ó ti yẹ. A kì í mú òkú aláìlórúkọ dé ibẹ̀." Lábẹ́ èyí ni àwọn mìíràn ti ń kọ ọ́ pé kí ó fún àwọn náà, àwọn fẹ́ máa dárúkọ rẹ̀ nínú ìrun àwọn.

Ó lè fi ránṣẹ́ sí Àlàájà nìkan, ní ìkọ̀kọ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ro ti Badri wò. Ìyá tó tọ́ ọ ti kú kí ó tó lè fi owó ara rẹ̀ gbé e dé Mẹ́kà. Lára ibojì rẹ̀ pàápàá, Ìyá Badri ni wọ́n kọ. Orúkọ tó dára, orúkọ tó dùn lẹ́nu, ó ti ń bàjẹ́ bí aṣọ inú àpótí. Badri rò ó pé: ta ló mọ̀ mí níhìn-ín? Ó kọ orúkọ náà, ó kọ orúkọ bàbá ìyá náà tẹ̀lé e, níta gbangba.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di òjò àdúrà. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kí Ọlọ́run gẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ láti Asuani, orúkọ rẹ̀ láti Kùwéètì. Badri ń fi ìka fa fóònù náà wálẹ̀, kò tán. Ó ń ka orúkọ náà jáde lẹ́nu, jẹ́jẹ́, nínú yàrá. Ó jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó sùn bí ọmọ ọwọ́.

Àlàájà dé Mẹ́kà. Ó ṣe ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe báyìí: ó kọ orúkọ ìyá Badri àti ti bàbá rẹ̀ gàdàgbà sórí bébà funfun, ó gbé e sókè, ó sì ya á ní fọ́tò pẹ̀lú Káábà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé fọ́tò náà sórí ìkànnì. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé: Ìyàwó Ewúrẹ́ ti dé ilé Ọlọ́run. Gbogbo ayé pín in. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, a máa ń pín in fún ẹ̀san lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Badri sunkún títí ojú fi wú u. Ọjọ́ Jímọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó sọ pé lọ́tẹ̀ yìí, òun yóò sọ fún Kaala.

Jímọ̀ dé, Kaala kò gbé fóònù. Ó ń dún, ó ń dún, ó pa. Jímọ̀ kejì, bákan náà. Badri rò pé Kaala ń ṣàìsàn, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ní àárín ọ̀sẹ̀ ó pè lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì gbé e. Kì í ṣe Kaala. Hamdan ni, ọmọ rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ ìfami-sóko ṣe, ọkùnrin tó tó ẹ̀gbọ́n àgbà fún Badri.

"Ẹ̀gbọ́n Hamdan, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni Kaala wà?"

"Ta ní ń sọ̀rọ̀? Ṣé Badri ni, àbí Ọmọ Búrẹ́dì Oòrùn?"

Badri tẹ fóònù mọ́ etí.

"O dákẹ́," ni Hamdan wí. "Lójú ayélujára, o ò kì í dákẹ́. Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ, bóyá wàá rí nǹkan kọ. Mo wọ ilé tíì. Ẹnìkan dún lẹ́yìn mi, mẹ̀ẹ̀. Mo yíjú, mo rò pé ewúrẹ́ wọlé ni. Mo tilẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ni ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Diab, bá gbé fóònù ẹ̀ fún mi. Wọ́n ti fi fọ́tò yẹn sínú Wásáàpù abúlé láti Kùwéètì. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ rò pé oore lòun ṣe. Ó ní ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe gbé ọmọ abúlé wa ga."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ fi ṣe úmúrà ni."

"Mo rí i. Bébà funfun. Orúkọ bàbá ìyá rẹ wà níbẹ̀. Ṣé o rántí ẹni tí bàbá ìyá rẹ jẹ́? Bàbá ìyá tèmi ni. O kó àwa náà mọ́ ọn. Mo bá ọmọ Diab jà, ó fọ́ mi lórí, àwọn àgbà ti jókòó lé e, wọ́n ti ní ká bọ ara wa lọ́wọ́. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń jáde, ẹnìkan tún dún."

"Jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá Kaala sọ̀rọ̀."

"Ó wà níbí. Ó ń gbọ́ ọ. Ó ń mi orí."

Fóònù pa.

Badri pa ohun gbogbo rẹ́ lọ́jọ́ náà: ti ewúrẹ́, ti aṣọ tútù, ti búrẹ́dì, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò náà kì í ṣe tirẹ̀ láti pa rẹ́. Ó kọ̀wé sí Àlàájà Ìyá Salma, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ ọ́ kúrò. Àlàájà fi ohùn ránṣẹ́ sí i, ohùn ìyá arúgbó tó tutù pẹ̀lẹ́: "Ọmọ mi, àdúrà tó ti gòkè lọ, ta ló ń fà á sọ̀kalẹ̀? Èṣù ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Fi orí balẹ̀, wàá rí i pé wàá sùn." Kò yọ ọ́. Bí ó tilẹ̀ yọ ọ́, ó ti pẹ́ jù. Ó ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn pẹ̀lú òdòdó.

Lọ́fíìsì, Inas jókòó, kọ́ṣárì rẹ̀ ń tutù.

"Kò sí mọ́," ni ó wí. "Gbogbo ẹ̀ ti lọ. Wọ́n ní ó ti kú."

"Ta ló kú?" ni Magdi béèrè.

"Ọmọ Búrẹ́dì Oòrùn. Ẹnìkan kọ ọ́ pé àárẹ̀ ọkàn ló pa á. Wọ́n ti ń ṣàdúrà fún un."

"Àmín," ni Magdi wí, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí Ọlọ́run dárí jì í."

Wọ́n wo Badri, wọ́n ń dúró kí òun náà sọ ọ́. "Àmín," ni Badri wí. Ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá, ó ní òun fẹ́ lọ sílé, ẹnìkan ń ṣàìsàn.

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin. Kò gbé fóònù jáde ní gbogbo ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó jókòó tì í ń wo fídíò, ó ń fi í hàn án, Badri ń mi orí. Ó ń ro ohun tí yóò sọ. Kò ro ti ẹ̀bẹ̀ nìkan. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni pé Kaala ti darúgbó, àwọn ohun tí kò tí ì sọ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: bí ìyá rẹ̀ ṣe gbọ́ pé ọkọ kú, ohun tó sọ lọ́jọ́ tí òun Badri kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì, bí ó ṣe kú gan-an, nítorí Káírò ni òun wà lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìwọ̀nyí wà lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo.

Ó dé abúlé ní òwúrọ̀. Nígbà tó ń kọjá níwájú ilé tíì, kò sí ẹni tó dún. Wọ́n wò ó títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀.

Kaala wà lágbàlá, ó ń tẹ́ búrẹ́dì sí oòrùn. Ó ti gbẹ sí i. Hamdan jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bándéèjì lórí. Kò dìde, kò sì dí i lọ́nà.

"Kaala," ni Badri wí, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ fi ẹnu kan ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó rọra fà á sẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹnjiníà. Ẹ jókòó. Hamdan, bá wọn gbé àga."

Kò pe Badri ní ẹ̀yin rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Hamdan pàápàá gbójú sókè. Obìnrin náà wọlé, ó po tíì, ó gbé e wá nínú ife dígí tí wọ́n ń kó pamọ́ fún àlejò, lórí àwo. Badri gbà á, kò lè mu ún.

"Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, Kaala."

"Ẹ ṣeun."

"Mi ò fi ṣe òwò o. Mi ò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ ni. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, Kaala. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń kà á."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n?"

Badri wo ife tíì ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n mọ ìwọ?"

Ẹyẹ kan bà sẹ́bàá búrẹ́dì, Kaala fi ọwọ́ lé e. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pariwo bí ó ti máa ń ṣe lórí fóònù. Ó rẹlẹ̀ débi tí Badri fi ní láti tẹ̀ síwájú.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, mo máa ń ti ilẹ̀kùn. Hamdan, ṣé mi ò kì í tì í?"

"Ẹ máa ń tì í, ìyá."

"Mo máa ń lé àwọn ìyàwó ilé jáde. Mo ní ọmọ àbúrò mi fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ kó rí ibi sunkún sí. Mo rò pé inú ẹ ni mò ń kó o sí. Mo rò pé bí mo bá kú, ibẹ̀ ló máa wà." Ó nu ọwọ́ sí aṣọ. "Ká ní o sọ fún mi pé ayé ń gbọ́, ti ìrẹsì ni ǹ bá sọ fún wọn. Ti òjò ni ǹ bá sọ."

"Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ kó o tó dé. Ọmọ ni ẹ́. Ṣé mo lè lé ọ?"

Ọkàn Badri rọ̀ díẹ̀. Ó yọ fóònù láti àpò, ó pa á, ó gbé e fún Hamdan. Hamdan gbà á bí ẹni gba ọbẹ, ó gbé e lọ sínú ilé, ó sì padà wá. Badri wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ Kaala.

"Kaala, kò sí ẹni tó ń gbọ́ báyìí. Àwa nìkan ni. Ẹ̀gbọ́n ti gbé e lọ." Ó gbé ife tíì sílẹ̀. "Ẹ sọ bí ó ṣe kú fún mi. Mi ò ní kọ ọ́. Mo fi ibojì rẹ̀ búra."

Kaala wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí orúnkún. Àánú wà lójú obìnrin náà, mo fẹ́ kí o gbà mí gbọ́, àánú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, ó mú búrẹ́dì kan láti inú èyí tí wọ́n yan lánàá, ó bù ú, ó fi í sí ọwọ́ Badri.

"Jẹun," ni ó wí.

"Kaala, ẹ jọ̀ọ́."

"Jẹun. O ti rù."

"Díẹ̀ péré. Ṣé ó pè mí? Ìyẹn nìkan. Ṣé ó dárúkọ mi?"

Obìnrin náà yí padà sí búrẹ́dì rẹ̀. Ó ń yí wọn sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Hamdan sọ̀kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá, ẹ dá a lóhùn, ó ti tó." Kaala mi orí. Badri tún béèrè. Ètè Kaala pàdé, kò sì yà wọ́n mọ́.